Ọ̀rọ̀ Ló Ṣáájú Sítíárìn

Ẹ wá jókòó, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹni tó bá rí àga kó jókòó, ẹni tí kò bá rí kó fara ti ògiri. Ẹ ti fóònù yín bọ àpò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gbọ́ Yorùbá tó sì ń fi Píjìn dáhùn. Kò burú, bí Enugu ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fẹ́ fi sọ ìtàn yìí, nítorí Yorùbá ni ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ fi kọ́ mi.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà ní Enugu ló ní kí n sọ bí iṣẹ́ ayé mi ṣe rí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Iṣẹ́ kíkọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà ni mo ṣe títí irun fi funfun lórí mi. Ẹ bá mi dé ọ̀nà Emene lówùúrọ̀, ẹ wo àwọn tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn, èmi ni mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú sítíárìn. Àmọ́ kì í ṣe sítíárìn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú, tí ojú kò lè rí, ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ́ wọn. Àwọn kan pè mí ní wèrè nítorí rẹ̀. Ìyàwó mi bá mi jà nítorí rẹ̀. Ó sì di ọjọ́ kan, ẹ̀mí ọmọ mi obìnrin wá rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, a ò sì mọ̀ bóyá yóò gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ará Ọ̀fà ni bàbá mi, bàtà ló ń ṣe ní Ogui, ní Enugu níbí. Òun ló mú mi lọ bá Ọ̀gá Búráímọ̀, ará Ṣakí, tó ń wa agbégilódò. Ti àdéhùn àti owó, kò sí ìtàn kankan níbẹ̀: wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàdúà, mo ká ẹní mi, mo tẹ̀lé e. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣáájú mi, Nwankwo lorúkọ rẹ̀, ọmọ àdúgbò ni. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá débi pé Yorùbá Ṣakí ló ń sọ. Títí dòní, tí Nwankwo bá bú ènìyàn ní Yorùbá, ẹ ó rò pé Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí i.

Lọ́jọ́ tí mo dé, igi ńláńlá kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ̀wọ̀n sì dì wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀gá na ọwọ́ sí wọn.

“Gàníyù, àwọn igi yìí, níbo ni wọ́n fẹ́ lọ?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ilé ìlagi ni.”

Nwankwo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ibi tí èmi fẹ́ gbé wọn lọ nìyẹn. Mi ò bi ọ́ léèrè tèmi. Igi ni mo bi ọ́.”

Mo wo igi, igi ń wò mí. Mo ní mi ò mọ̀.

“Lọ fọ ọkọ̀. Tó o bá mọ̀, wá sọ fún mi.”

Bí iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fọ ọkọ̀ títí omi kànga fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lálẹ́, Nwankwo ṣàánú mi, ó ní, “Òmùgọ̀ ọmọ Ọ̀fà, tí ẹ̀wọ̀n bá já, ṣé ilé ìlagi ni igi máa rìn lọ? Ilẹ̀ ló máa já sí, bóyá lórí ẹsẹ̀ ẹ.” Bí mo ṣe sáré lọ sọ fún Ọ̀gá pé ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ nìyẹn. Ó mi orí. Ó ní, “Ìyẹn ni ti dídúró. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, tí mo wá yà sọ́wọ́ òsì lójijì ńkọ́? Níbo ni wọ́n fẹ́ lọ?” Mo padà sídìí garawa.

Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo ìgbà òjò náà ni mo fi dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo yìí. Tí a bá ń jẹun, Ọ̀gá á na ọwọ́ sí ìkòkò tó wà lórí àdògán: níbo ló fẹ́ lọ? Tí obìnrin bá ru garawa omi kọjá, tí wọ́n pè é láti ẹ̀yìn, tó sì yára yíjú: omi yẹn ńkọ́, níbo ló fẹ́ lọ? Ọ̀mùtí ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ lójú títì: níbo ló fẹ́ lọ? Nwankwo dáhùn lẹ́ẹ̀kan pé, “Ọ̀gá, ilé ọtí míì.” Ìgbátí tó jẹ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ láti òdìkejì ọkọ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ẹgbẹ́ wa tó wà lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀ mìíràn ti mọ orúkọ gbogbo jíà. Wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ ọ̀gá wọn síwá sẹ́yìn nínú gáréèjì. Wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín. “Ẹ̀yin ọmọ Alfa, ṣé ẹ ti di wòlíì? Ẹ ti mọ ibi tí ìkòkò ń lọ?” Ó dùn mí dé egungun. Mo rò pé Ọ̀gá ń fi ayé mi ṣòfò ni.

Ọjọ́ kan, Ọ̀gá ń kírun lọ́wọ́, Nwankwo gun orí àga awakọ̀, ó di sítíárìn mú, ó ń fi ẹnu pariwo bí ẹ́ńjìnnì. Èmi náà gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ò mọ ìgbà tí Ọ̀gá kírun tán. Ó ní ká sọ̀ kalẹ̀. Kò nà wá. Ọkọ̀ ṣófo lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ sì tẹ́jú; ó pe àwọn aláàárù méjì kún wa, ó ní ká máa ti ọkọ̀.

A tì, a tì, kò mira. Iṣan ọrùn wa fẹ́ já. Nígbà tó wá gbéra, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi bíi pé ó ń ṣèrànwọ́ fún wa. Nígbà náà ni Ọ̀gá kígbe: “Ó tó! Ẹ dá a dúró!”

Dá kí ni dúró? A so mọ́ ọn bí àdán, ó ń wọ́ wa lọ. Bàtà Nwankwo já. Ọkọ̀ lọ títí ó fi rọra dúró fúnra rẹ̀ lẹ́bàá òkìtì iyanrìn. Ọ̀gá rìn bá wa, kò yára. Ó ní:

“Ohun tó jókòó fẹ́ máa jókòó. Ohun tó ń lọ fẹ́ máa lọ. Bíréèkì kò láṣẹ lórí ọkọ̀, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ lè gbọ́, ó sì lè kọtí ikún. Tí ẹ kò bá mọ ibi tí nǹkan fẹ́ lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Òun nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo fi jẹun ní ayé mi, inú ọ̀rọ̀ yẹn ló wà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí; ṣùgbọ́n ti Ọ̀gá Búráímọ̀, kò ní sọ odidi fún ọ láé, ìwọ ni wàá fi ara rẹ wá ààbọ̀ kejì.

Ẹ mọ òkè tó wà láàárín wa àti 9th Mile, tí títì rẹ̀ lọ́ bí ìfun àgùntàn, tí ògiri òkè wà lápá kan, tí ọ̀gbun wà lápá kejì. Láyé ìgbà náà, tí agbégilódò bá ń gùn ún, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í jókòó. A máa ń bọ́ sílẹ̀, a máa ń sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì léjìká, ìyẹn ìtì igi tí a gbẹ́ ní igun mẹ́ta. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, a ó yára fi há táyà kí ọkọ̀ má fi ẹ̀yìn sọ̀. Ohun tí gbogbo awakọ̀ ń kọ́ ọmọ wọn ni: “Ẹ̀yìn táyà! Ẹ̀yìn táyà!” Ọ̀gá wa nìkan ni kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ mọ ohun tó ń sọ.

Ó wá di ọjọ́ kan, a ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí Enugu, a sinmi níbi tí àwọn ọlọ́jà kọ́ ìsọ̀ sí lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ míì wá dúró níwájú wa, òun náà kọjú sí ìsàlẹ̀. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ ra àkàrà, ó ké sí ọmọ rẹ̀ pé kó fi wẹ́ẹ̀jì sí i. Ọmọ náà já bí ọfà. Ó yára ju èmi àti Nwankwo lọ, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó gbé wẹ́ẹ̀jì, ó fi há ẹ̀yìn táyà dáadáa, ó tún fi ẹsẹ̀ gbá a wọlé. Ó nu ọwọ́.

Ọkọ̀ rọra bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ níwájú.

Ọmọ náà ń sá tẹ̀ lé e, ó ń sunkún, ó ń fi Píjìn pariwo pé, “Na back I put am o! Na back dem say make I put am!” Nwankwo ti fò. Ó sọ wẹ́ẹ̀jì tiwa sábẹ́ táyà iwájú ọkọ̀ yẹn. Táyà gùn ún, ó lọ́ra, orí ọkọ̀ yà, ó wá fi ẹnu ti ògiri ìsọ̀ ọlọ́tí kan. Ìgò fọ́, kò sẹ́ni tó fara pa. Ọlọ́tí jáde, ó gbé ọwọ́ lérí, ó wo ọkọ̀, ó wo ìgò, ó ní, “Na which kind customer be dis?”

Nígbà tí a padà dé ilẹ̀ tó tẹ́jú, Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀ lórí àga rẹ̀. Ó ní, “Nwankwo, gun orí ibẹ̀. Gàníyù, ìwọ ló kàn.”

Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi bí ìyókù ṣe yá tó. Kílọ́ọ̀ṣì, jíà, tọ́tù tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, bí a ṣe ń fi jíà kékeré sọ̀ òkè kí ẹ́ńjìnnì lè fà á sẹ́yìn, bó ṣe jẹ́ èèwọ̀ láti wọ fúrì, kí ọkọ̀ máa yí lọ láìsí jíà, nítorí àtifi epo pamọ́. Ohun tó gba àwọn ẹgbẹ́ wa lákòókò gígùn, ńṣe ló ń wọlé sí wa lórí. Ọ̀gá ti kan pẹpẹ mọ́ ògiri. Àwo ló kù, a kàn ń tò ó.

Bí Ọ̀gá ṣe darúgbó, tó sì padà sí Ṣakí, bí mo ṣe wa agbégilódò fúngbà díẹ̀, ìtàn ìyẹn kò lọ títí. Nwankwo di mẹkáníìkì. Mo fẹ́ ìyàwó, mo gba yàrá ní Ogui New Layout, mo ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ògbólógbòó kan. Nwankwo bá mi fi bíréèkì kejì sí ibi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo kọ pátákó, mo gbé e síta. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ mi, inú pálọ̀ ni mo máa ń mú un jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì, ọkọ̀ wà níta tó ń wò ó. Màá na ọwọ́ sí nǹkan: níbo ló fẹ́ lọ? Oníṣòwò kan wà, Oga Sunday, ọkùnrin tó sanra dáadáa, tó ń ta aṣọ. Ó fara dà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì ó dìde dúró.

“Oga Gani, abeg, na motor I come learn. I no come learn catechism.”

Ó rékọjá títì lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì tó ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò ládùúgbò wa, níbi tí wọ́n ti ń gbé sítíárìn lé ọ lọ́wọ́ kó o tó jókòó tán. Kò pẹ́ tó fi wakọ̀ kọjá níwájú ilé mi, ó tẹ fèrè gbọ̀ọ̀rọ̀, ó juwọ́. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Bàbá Sìdí,” ló wí, “ẹ wo owó wa tó ń lọ yẹn, tó tún ń kí yín.”

“Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì. Kò mọ ìdí tó fi ń tẹ̀ ẹ́.”

“Ó ti dé ọjà. Ẹni tó mọ ìdí ṣì jókòó sí pálọ̀ mi.”

Mi ò sì ní purọ́ fún yín, àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò wọ̀ létí. Ìyá kan tó ń ta ẹja, bí mo ṣe ń bi í ló ń rẹ́rìn-ín. Mo wá mú un wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé abọ́ omi lé e lórí itan, mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé wa lọ Ugwuaji. Nígbà tí a fi dé, ìró rẹ̀ ti rin gbingbin, ó sì ti mọ ohun gbogbo. “Chai! Omi yìí, iwájú ló fẹ́ lọ tó bá ti dúró, ẹ̀yìn tó bá gbéra!” Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Síbẹ̀, mi ò dárúkọ bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì fún un kó tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí omi fẹ́ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, Sìdíkátù. Bí mo ṣe kọ́ àwọn àjèjì ni mo ṣe kọ́ òun náà, kódà mo le mọ́ ọn jù. “Bàbá,” ló máa ń wí, “àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń wakọ̀ bàbá wọn lọ Emene, èmi ṣì ń wo garawa.” Ìyá rẹ̀ á gbè é lẹ́yìn. Mi ò gbà. Ìgbà tó dáhùn dé ibi tí n kò lè bi í mọ́ ni mo tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ayé wá yí. Ọkọ̀ tuntun ń wọlé, sítíárìn fúyẹ́ bí ewé, ọmọ ọwọ́ lè fi ìka kan yí i. Lẹ́yìn náà ni ọtọmátíìkì dé, kílọ́ọ̀ṣì kúrò nílẹ̀, jíà ń yí fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń wá kọ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bi mí pé, “Sà, tí ọkọ̀ ti ń ṣe é fúnra rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ kọ́ wa?” Mi ò ní ọtọmátíìkì. N kò wà á rí. Àgbà tó bá ní òun mọ ohun tí kò mọ̀, ọ̀nà ọ̀gbun ló ń fi han ọmọ.

Àsìkò yẹn ni Sìdí rí iṣẹ́. Ilé-ìwé kan lọ́nà 9th Mile ń wá obìnrin tó máa wa bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ kéékèèké gun òkè láàárọ̀, kó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ogui lọ́sàn-án. Ọtọmátíìkì ni bọ́ọ̀sì náà.

Mo ní kó má gbà á. “Mi ò kọ́ ẹ ní èyí. Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Bàbá, ẹ ò kọ́ mi ní jíà nìkan.”

“Òkè yẹn ni o. Ọmọ ọlọ́mọ ni o.”

“Mo mọ òkè. Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí.”

Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tó jáde tán ló kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. “Ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ fi kọ́ ọmọ mi. Àwọn tó kù, ó kéré tán, bíréèkì yín wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí Sìdí lókè yẹn, ọ̀rọ̀ yín nìkan ló máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kó tó o. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Kó tó.”

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti di ọ̀sán, mi ò lè gbé oúnjẹ mì títí n ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀sán kan, òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Mo wà ní pálọ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan. Nwankwo pè mí lórí fóònù. Kò bú mi, mo ti mọ̀ pé kò sí àlàáfíà. “Gàníyù, wọ́n ní bíréèkì bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan já lórí òkè. Mi ò mọ èwo ni. Mò ń bọ̀ wá gbé ẹ.”

Mi ò dúró dè é. Mo pe nọ́ńbà Sìdí, ó ń dún, kò gbé e. Mo wọ kẹ̀kẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí. Ìyàwó mi ti jókòó sínú rẹ̀ ṣáájú mi, mi ò mọ ìgbà tó jáde nílé. Kò wojú mi. Oníkẹ̀kẹ́ ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ẹnì kan ní bọ́ọ̀sì ti já sí ọ̀gbun. Ẹlòmíràn ní rárá, tánkà ni. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n kàn ń mi orí, ó ń wí pé, “Chineke, àwọn ọmọ yẹn.” Ọwọ́ ìyàwó mi di irin kẹ̀kẹ́ mú, mo rí i bí eegun ọwọ́ rẹ̀ ṣe yọ. Mo ń ṣe àdúà, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lẹ́nu mi kì í ṣe àdúà tí mo mọ̀. “Níbo ló fẹ́ lọ, níbo ló fẹ́ lọ” ni mò ń sọ.

A yí kọ́nà. Èrò pọ̀. Mo wo apá ọ̀gbun lákọ̀ọ́kọ́: koríko ibẹ̀ dúró ṣánṣán, nǹkan kan ò tẹ̀ ẹ́. Mo wá yíjú sí apá ògiri òkè.

Bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ó fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé òkè bí ọ̀lẹ tó fara ti ògiri, ẹrẹ̀ pupa kun ún dé wíńdò, dígí rẹ̀ kan ti lọ. Àwọn ọmọ tò sórí odi kan lókè ibẹ̀, wọ́n ń jẹ bisikíìtì. Ọ̀kan nínú wọn rí wa, ó nawọ́ sí bọ́ọ̀sì: “Daddy, we jam mountain!” Inú rẹ̀ dùn gan-an ni.

Sìdí jókòó nílẹ̀ láàárín wọn, ó ń so okùn bàtà ọmọ kan. Kò yára dìde nígbà tó rí mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti bó ọ̀dà bọ́ọ̀sì onílé-ìwé.”

Ìyá rẹ̀ ti dì mọ́ ọn. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ níbi tí mo wà. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, ọmọ yẹn wá fún mi ní bisikíìtì kan. Mo jẹ ẹ́. Kò sí oúnjẹ tó dùn tó o láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí ọkàn wá balẹ̀, Nwankwo náà dé, ó yọjú sábẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ní páìpù omi bíréèkì ló bẹ́. Ó bi Sìdí pé, “Kí lo wá ṣe?”

“Mo tẹ bíréèkì, ó lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo ní, ó dáa, kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Níbo ló fẹ́ lọ? Ìsàlẹ̀. Tí mo bá sì dé kọ́nà, inú ọ̀gbun ló fẹ́ lọ. Kí ló kù tó lè fà á sẹ́yìn? Ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n kò sí kílọ́ọ̀ṣì, kò sí jíà tí Bàbá kọ́ mi. Mo wo ibi ọwọ́ jíà, mo rí ‘2’, mo rí ‘L’. Wọn ò sọ ohun tí ‘L’ ń ṣe fún mi rí. Mo ní, tó bá wà níbẹ̀, á jẹ́ pé jíà kékeré ni. Mo fà á sí ‘2’, bọ́ọ̀sì ké, ó lọ́ra. Mo fà á sí ‘L’, ó tún lọ́ra. Mo ní káwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n di àga mú. Mo wá rọra gbé e lọ fún ògiri òkè, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, mo ń fa àǹbíréèkì, ìyẹn bíréèkì ọwọ́, díẹ̀díẹ̀. Ó ń họ, ó ń họ, ó dúró.”

Nwankwo wò mí. Ó ní, “Gàníyù, ìwọ lo kọ́ ọ ní ‘L’?”

“Èmi fúnra mi ò mọ ‘L’.”

Ìyàwó mi tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ fi ìborùn nu ojú ọmọ rẹ̀, ó nu tirẹ̀, ó sì na ìborùn náà sí mi. “Ẹ gbà, ẹ nu ẹnu yín, bisikíìtì wà lára yín.” Lẹ́yìn náà ló rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ó tó, Bàbá Sìdí. Ó tó.”

Ẹ̀yin ọmọ, ìdí tí mo fi sọ èyí fún yín ni pé iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá yàn, irinṣẹ́ tí ẹ máa bá níbẹ̀ kọ́ lẹ máa fi parí rẹ̀. Èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti di irin fífọ́. Ẹ wá ọ̀gá tó máa kọ́ yín ní ohun tó wà lábẹ́ irinṣẹ́. Ó máa pẹ́, wọ́n á fi yín ṣẹ̀sín, ọwọ́ á máa yún yín. Ẹ fara dà á.

Láàárín oṣù díẹ̀ sí ọjọ́ náà, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù ló lé mi. Ńṣe ni ara mi fúyẹ́, mo sì fẹ́ sọ ẹrù iṣẹ́ náà kalẹ̀ nígbà tí ara ṣì fúyẹ́. Sìdí ló jogún akẹ́kọ̀ọ́ àti bẹ́ǹṣì. Ó ra ọtọmátíìkì kan, ó gba yàrá tirẹ̀ lọ́nà Emene, Píjìn ló fi ń bi wọ́n: “Where e wan go?” Oga Sunday mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ náà, ó sì ń dáhùn kí ọmọ tó dáhùn. Nwankwo jogún ọkọ̀ mi ògbólógbòó, ó ti tú u tán, àwọn adìyẹ rẹ̀ sì ń sùn sábẹ́ pátákó mi. Ìyàwó mi gba pálọ̀ rẹ̀ padà. Ó gbé fíríìsà sí ibi tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀, ó ń ta omi tútù.

Èmi jogún àga ẹ̀yìn. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi lórí òkè yẹn, bí mi ò bá wakọ̀, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún máa ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sìdí gbé èmi àti ìyá rẹ̀ bọ̀ láti 9th Mile. Mo bọ́ bàtà, mo na ẹsẹ̀. Nígbà tí mo lajú, mo bi í pé ṣé a ti fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Ó ní, “Bàbá, a ti dé Ogui tipẹ́. Màmá ní kí n má jí yín.”